Ẹja Tí Òfin Nìkan Kò Lè Ṣọ́: Ìtàn Báàsì Ẹlẹ́nu Kékeré ní Àwọn Odò Missouri

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kárùn-ún ọdún 1926, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé òfin tuntun kan jáde. Kì í ṣe òfin owó orí, kì í ṣe ti ogun, kì í sì í ṣe ti ọtí líle tí wọ́n ti fòfin dè nígbà náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń mu ní kọ̀rọ̀. Òfin ẹja ni. Òfin Báàsì Dúdú ni wọ́n ń pè é, ohun tí ó sì wí kò gùn: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi báàsì ẹlẹ́nu kékeré tàbí ìbátan rẹ̀, báàsì ẹlẹ́nu ńlá, ránṣẹ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà pa ẹja náà, tàbí tí wọ́n gbà tà á, lòdì sí òfin ìpínlẹ̀ tí ó ti wá.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rẹ́rìn-ín. Kí ni ó kan àwọn aṣòfin ní Washington nínú ẹja tí kò tó apá àgbàlagbà ní gígùn? Ṣùgbọ́n ìjà ọ̀pọ̀ ọdún ni ó wà lẹ́yìn gbólóhùn díẹ̀ wọ̀nyí, ìbéèrè tí ó sì dá ìjà náà sílẹ̀ kò tíì tán títí di òní: ẹja inú odò tí kò ní ògiri, ta ni ó ni ín, ta ni yóò sì máa ṣọ́ ọ?

Báàsì ẹlẹ́nu kékeré fẹ́ràn odò tí omi rẹ̀ tutù tí ó sì mọ́, tí ń ṣàn lórí àpáta àti òkúta wẹ́wẹ́. Ara rẹ̀ dà bí idẹ tí ó ti pẹ́, ìlà dúdú dúró ṣánṣán ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ a sì máa pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn mọ́jú. Alákàṣà kékeré inú odò ni oúnjẹ tí ó fẹ́ràn jù lọ. Onímọ̀ ará Faransé kan, Lacépède, ni ó kọ́kọ́ fún un ní orúkọ ní ìlànà sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1802, ó sì fi orúkọ Dolomieu, onímọ̀ òkúta tí òun náà jẹ́ ará Faransé, sọ ọ́. Báyìí ni ẹja tí kì í ṣe ti Yúróòpù ṣe ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin Yúróòpù nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé.

Ìjà ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Bí ìwọ̀ bá ti kọ́ ọ lẹ́nu, yóò fò sókè kúrò nínú omi, yóò gbọn orí, yóò tún rì, yóò sì fa okùn títí ọwọ́ apẹja yóò fi rọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olówó apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà fi ka ẹja trout àti salmon nìkan sí ẹja tí ó yẹ ọmọlúwàbí láti fi ìwọ̀ pa. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ James Henshall ni ó kọ odidi ìwé lórí báàsì ní ọdún 1881, ó jà fún un pé kò sí ẹja tí ó tóbi tó o tí ó lè bá a fa okùn. Láti ìgbà náà ni gbogbo apẹja ti ń wá a kiri.

Ìwà akin kan náà ni ó ń fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́. Nígbà tí òtútù bá lọ tán, tí omi odò sì lọ́wọ́ọ́wọ́ tó ìwọ̀n 15 tàbí 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius, akọ yóò fi ìrù gbá ojú kan mọ́ láàárín òkúta wẹ́wẹ́, yóò fi ibẹ̀ ṣe ìtẹ́. Abo yóò wá yé ẹyin sí i, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Akọ ni ó ń dúró. Òun ni yóò máa fi lẹbẹ rẹ̀ fẹ́ omi sí àwọn ẹyin náà kí ẹrẹ̀ má baà bò wọ́n, òun ni yóò máa lé ohunkóhun tí ó bá súnmọ́ wọn, kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun. Bí apẹja bá ju ìdẹ sí tòsí ìtẹ́, akọ náà yóò kọlù ú. Kì í ṣe ebi ni, ìbínú ni. Ẹni tí ó bá sì fa á jáde lọ́jọ́ náà kò mú ẹja kan ṣoṣo, nítorí pé ẹyin tí ó wà nínú ìtẹ́ kan lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí ó ti ń ṣọ́ ọ láti ìtòsí kò sì ní pẹ́ jẹ wọ́n tán lẹ́yìn tí bàbá wọn bá ti lọ.

Ó tún ń pẹ́ dàgbà. Nínú àwọn odò orí òkè Ozark ní gúúsù Missouri, báàsì ẹlẹ́nu kékeré a máa lo ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kí ó tó gùn tó ínṣì 12. Èyí tí ó bá gùn ju ìyẹn lọ dáadáa ti di àgbà odò. Ohun tí ìdílé kan lè jẹ tán ní alẹ́ ọjọ́ kan gba odò ní ọdún márùn-ún láti tọ́ dàgbà. Ọ̀rọ̀ ìṣirò lásán ni èyí, òun náà sì ni gbogbo òfin tí ó wá tẹ̀ lé e dúró lé lórí.

Kí òfin tó dé, ọkọ̀ ojú irin ti dé. Ní ọdún 1854, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Shriver kó nǹkan bí 30 báàsì láti inú ìṣàn omi kan nítòsí ìlú Wheeling, ó gbé wọn sínú táńkì omi ẹ́ńjìnnì rélùwéè Baltimore and Ohio, ó sì gbé wọn kọjá òkè lọ sí Cumberland ní ìpínlẹ̀ Maryland. Odò Potomac kò ní báàsì kankan tẹ́lẹ̀. Láti ara díẹ̀ tí ó kó wá yìí ni ẹja náà ti pọ̀ títí odò yẹn fi di ibi tí apẹja ń tì lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹja sílẹ̀ ní ọdún 1871, wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú irin àkànṣe tí ń gbé ọmọ ẹja láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi ẹja onílé léèrè bóyá ó fẹ́ àlejò, bẹ́ẹ̀ sì ni níbòmíràn àlejò náà jẹ onílé run. Ìtàn mìíràn ni ìyẹn.

Ọkọ̀ ojú irin kan náà ni ó ń gbé òkú ẹja nínú yìnyín lọ sí ọjà Chicago, St. Louis àti New York. Ìpínlẹ̀ kan lè ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ta báàsì, kí ó fi àwọn ẹṣọ́ sí ọjà, kí ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Oníṣòwò yóò kàn di ẹja náà sínú àgbá ní òru, yóò gbé e fún rélùwéè, kí ilẹ̀ sì tó mọ́ ó ti kúrò lábẹ́ àṣẹ gómìnà. Ẹja tí ó bá ti sọdá ààlà kò ní ẹnu tí yóò fi sọ odò tí wọ́n ti mú un. Bí aládùúgbò bá wá gbà kí wọ́n máa tà á, òfin ẹni tí ó ni odò ti di yẹ̀yẹ́.

Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti gbìyànjú láti dáhùn ìbéèrè ẹni tí ó ni ẹran ìgbẹ́. Nínú ẹjọ́ Geer àti ìpínlẹ̀ Connecticut, tí wọ́n dá ní ọdún 1896, àwọn adájọ́ sọ pé ìpínlẹ̀ ni ó di ẹran náà mú nítorí gbogbo ará ìlú, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kò gbọdọ̀ jáde. Ìdájọ́ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò dá rélùwéè dúró. Ní ọdún 1900, aṣòfin John Lacey láti Iowa mú kí ìjọba àpapọ̀ ka gbígbé ẹyẹ àti ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n pa lọ́nà àìtọ́ kọjá ààlà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹyẹ rí olùgbèjà lọ́jọ́ náà. Ẹja kò sí nínú òfin yẹn, ọdún 26 sì kọjá kí ó tó kan òun.

Àwọn tí ó mú un kàn án kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní oṣù Kìíní ọdún 1922, ọkùnrin 54 péjọ ní Chicago, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ Izaak Walton, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ tí ó kọ̀wé lórí ẹja pípa, sọ ọ́. Will Dilg ni ó ṣíwájú wọn, ọ̀rọ̀ báàsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ náà ti lé ní 100,000. Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń tan ọ̀rọ̀ wọn ká, wọ́n ń kọ ọ́ fún oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ tí kò ju ọjọ́ Sátidé lọ tí ó lè fi lọ sí odò. Ní ọdún 1924 wọ́n ti mú kí ìjọba àpapọ̀ ya ilẹ̀ àti omi ẹ̀bá òkè odò Mississippi sọ́tọ̀ fún ẹja àti ẹranko. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ti báàsì.

Ẹni tí ó gbé e wọ ilé aṣòfin ni Harry Hawes, agbẹjọ́rò láti St. Louis ní Missouri, apẹja paraku. Ọgbọ́n tí ó wà nínú òfin Hawes yẹ fún àkíyèsí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò rí i. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ta báàsì mọ́ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí ó sọ ni pé ibi tí ìpínlẹ̀ kan bá ti fòfin dè é, ìjọba àpapọ̀ yóò gbé òfin ìpínlẹ̀ náà lẹ́yìn dé ibikíbi tí ẹja bá sá dé. Ìpínlẹ̀ tí kò bá ṣe òfin tirẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: Washington kò lè mọ ohun tí ń lọ ní etí odò kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ kò sì lè lé olè kọjá ààlà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àléébù ńlá wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin náà, wọn kò yan ẹni tí yóò máa mú un ṣẹ. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ó fi wà lórí ìwé bí ajá tí kò léyín. Ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1930 ni wọ́n tó tún un ṣe, tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé ọ̀gá àjọ ẹja lọ́wọ́, tí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní àṣẹ láti yẹ ẹrù wò, tí wọ́n sì pàṣẹ pé ẹrù ẹja gbọdọ̀ ní àkọlé tí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti ẹni tí ó fi ránṣẹ́. Àkọlé yìí dà bí ohun kékeré lójú aláìmọ̀, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni òkú ẹja ti ní ẹnu. Ní ọdún 1947 òfin náà gbòòrò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹja tí wọ́n ń fi ìwọ̀ pa fún eré, ní ọdún 1952 ó kan gbogbo ẹja, ní ọdún 1981 wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ òfin Lacey. Ọdún méjì ṣáájú èyí ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti yí ìdájọ́ ọdún 1896 padà, nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ó ra ẹja wẹ́wẹ́ ní Oklahoma tí ó sì ń gbé wọn lọ sí Texas. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ lè dáàbò bo ẹja, ṣùgbọ́n kò lè máa ṣe bí ẹni pé òun ni ó ni wọ́n. Ẹja wẹ́wẹ́ ni ó da ìmọ̀ràn àwọn àgbà adájọ́ rú.

Hawes ṣe òfin fún gbogbo Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nílé rẹ̀ ní Missouri nǹkan kò dára. Àwọn odò orí òkè Ozark, bíi Current, Jacks Fork, Big Piney, Gasconade, Eleven Point àti Meramec, ń gba omi láti inú ìsun tí ń tú jáde lábẹ́ àpáta, wọ́n mọ́ gaara, báàsì sì pọ̀ nínú wọn. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ilé iṣẹ́ pákó ti ya wọ ibẹ̀. Ilé ìlagi ńlá tí ó wà ní Grandin wà lára àwọn tí ó tóbi jù lọ ní ayé nígbà tirẹ̀. Wọ́n gé igi páìnì, wọ́n gé igi tí ojú irin rélùwéè ń sùn lé, wọ́n ń da gẹdú sínú odò Current kí omi gbé e lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn àgbẹ̀ dé, wọ́n ń jó igbó, wọ́n sì ń tú màlúù sí etí odò. Òkúta wẹ́wẹ́ wá ń ya lulẹ̀, ó ń dí àwọn ibi jíjìn tí ẹja ńlá ń forí pamọ́ sí.

Ẹja tí ó kù, wọ́n ń fi àwọ̀n gbá a, wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ gún un lóru, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń ju dáínámáìtì sínú ibú kí wọ́n lè ṣa òkú ẹja lójú omi. Òfin wà. Ẹṣọ́ náà wà lórúkọ. Ṣùgbọ́n òṣèlú ni ó ń yan ẹṣọ́ sí ipò: bí ẹgbẹ́ tí ó wà lórí àlééfà bá yí, ẹṣọ́ náà yí, ẹni tí ó sì bá mú ọmọ ìjòyè ẹgbẹ́ kò pẹ́ padà sílé. Àwọn ará ìlú náà kò ka òfin ẹja sí òfin. Lójú wọn, odò tí ó ṣàn kọjá lẹ́yìn oko bàbá ẹni, ẹja inú rẹ̀ oúnjẹ ilé ni, pàápàá nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Kò tọ́ kí a fi ẹ̀gàn bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ebi ń pa ènìyàn lóòótọ́, àwọn olówó tí ń wá láti ìlú ńlá sì ń ya fọ́tò pẹ̀lú ẹja tí wọ́n so jọ bí ọ̀wọ́ àgbàdo. Ta ni ó wá yẹ kí ó kọ́kọ́ jáwọ́?

Ìdáhùn Missouri ṣàjèjì. Ní ọdún 1935, àwọn ọdẹ, apẹja àti àwọn ènìyàn pàtàkì mìíràn péjọ ní ìlú Columbia, wọ́n pinnu pé kò sí òfin tuntun tí yóò ṣiṣẹ́ bí wọn kò bá kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ òṣèlú. Wọ́n gba ìbuwọ́lùwé kiri, wọ́n sì gbé àtúnṣe òfin ìpilẹ̀ ìpínlẹ̀ síwájú àwọn olùdìbò ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1936, ọjọ́ kan náà tí wọ́n tún Ààrẹ Roosevelt yàn. Àwọn tí ó gbà lé ní 870,000; àwọn tí ó kọ̀ kò ju nǹkan bí 350,000 lọ. Àtúnṣe náà dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin sílẹ̀, ó sì sọ pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọdọ̀ ju méjì lọ tí yóò jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, wọn kò sì ní gba owó oṣù. Ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1937 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ náà ṣe lẹ́yìn èyí ni ó mú kí ìtàn Missouri yàtọ̀. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn nìkan. Ní ọdún 1938 wọ́n dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀, Missouri Conservationist, èyí tí ìdílé tí ń gbé ní ìpínlẹ̀ náà lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ títí di òní. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ láti bá ọmọdé sọ̀rọ̀ nípa omi, igbó àti ẹranko. Wọ́n ń yan agbófinró nítorí ohun tí ó mọ̀, kì í ṣe nítorí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi í sí káńtì kan láti máa gbé láàárín àwọn ènìyàn ibẹ̀. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé ẹjọ́ ẹja kì í lọ sí Washington. Iwájú adájọ́ káńtì ni ó ń lọ, níbi tí àwọn ìgbìmọ̀ tí yóò dájọ́ ti jẹ́ aládùúgbò ẹni tí wọ́n mú. Bí aládùúgbò bá gbàgbọ́ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ẹjọ́ ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin fúnra rẹ̀ ń gbó bí ìmọ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ní ọ̀pọ̀ odò Missouri, báàsì tí kò bá tó ínṣì 12 gbọdọ̀ padà sínú omi, àpapọ̀ báàsì tí ẹnì kan lè mú lọ sílé lóòjọ́ kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ. Lórí ọ̀pọ̀ odò Ozark, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta títí di Sátidé kẹrin oṣù Karùn-ún, apẹja lè fi ìwọ̀ mú báàsì, ṣùgbọ́n ó gbọdọ̀ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí akọ tí ń ṣọ́ ìtẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé èyí fún un. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ ti ka ẹja fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ya apá kan lára àwọn odò sọ́tọ̀, níbi tí báàsì ẹlẹ́nu kékeré gbọdọ̀ gùn tó ínṣì 15 kí ẹnikẹ́ni tó lè mú un, tí kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ lóòjọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n fẹ irú ibi bẹ́ẹ̀ lójú sí i.

Ní odò Meramec àti àwọn alábàágbé rẹ̀, Big àti Bourbeuse, òfin náà gba ojú ọ̀nà tí ó lè rú aláìmọ̀ lójú. Báàsì mìíràn, tí wọ́n ń pè ní báàsì alámì tótòtó, ti wọ inú àwọn odò wọ̀nyí, ó ń bá ẹlẹ́nu kékeré du oúnjẹ, ó sì ń bá a gùn. Nítorí náà ni ìjọba fi gba apẹja láàyè láti mú alámì tótòtó 12 lóòjọ́, láìbìkítà bí ó ti gùn tó, nígbà tí ó ń sọ fún un pé kí ó dá ẹlẹ́nu kékeré padà. Apẹja kan náà, ní odò kan náà, lọ́wọ́ kan náà, lè pa ọ̀kan kí ó sì dá èkejì sí. Àǹfààní kí ni òfin yìí ní fún ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ wọn? Ìlà dúdú ti alámì tótòtó nà gbọọrọ láti orí dé ìrù. Ti ẹlẹ́nu kékeré dúró ṣánṣán. Bí ènìyàn bá sì fi ọwọ́ kan ahọ́n alámì tótòtó, yóò rí i pé ó rí ṣákaṣàka. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ìbọn kọ́ni. Inú ìwé pẹlẹbẹ, nínú àwòrán, àti lẹ́nu agbófinró tí ó bá dúró bá ọmọdé sọ̀rọ̀ létí odò ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Síbẹ̀, òfin ẹja kò lè gba ẹja là bí odò bá kú. Ní ọdún 1958 ni wọ́n parí dáàmù Table Rock lórí odò White, omi tí ó sé sì bo ìsàlẹ̀ odò James mọ́lẹ̀, níbi tí àwọn apẹja ti ń wọ ọkọ̀ pẹlẹbẹ láti Galena lọ sí Branson fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ínṣì 12, kò sí ínṣì 15, tí ó lè dá èyí padà. Ìbẹ̀rù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí ìjọba àpapọ̀ sọ Current àti Jacks Fork di odò tí kò ṣeé sé ní ọdún 1964. Ti Meramec le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti ra ilẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáàmù, kí àwọn ará agbègbè náà tó dìbò ní oṣù Kẹjọ ọdún 1978, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ìbò náà kò ní agbára òfin kankan. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ débi pé àwọn olóṣèlú kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ní ọdún 1981 ni wọ́n sì fagi lé dáàmù náà pátápátá. Lára àwọn tí ó dìbò yìí ni àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé ìwé nígbà tí òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ń wá sọ̀rọ̀ omi àti igbó ní kíláàsì wọn. Ọdún méjì ṣáájú ìbò Meramec, àwọn ará Missouri kan náà ti gbà, pẹ̀lú ìbò tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, kí wọ́n máa yọ ìdá kan nínú mẹ́jọ sẹ́ǹtì kan lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ná ní ọjà, kí wọ́n fi í bójú tó ẹja, igbó àti ẹranko. Ìyá àgbà tí kò fi ìwọ̀ kan omi rí náà ń san án bí ó bá ra ọṣẹ.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ apẹja báàsì ni ó ń dá ẹja padà láìjẹ́ pé òfin fipá mú un. Ó ń mú un, ó ń wò ó, ó ń ya fọ́tò rẹ̀, ó sì ń tú u sílẹ̀. Èyí kò sọ agbófinró di aláìníṣẹ́. Láti àárín oṣù Kẹsàn-án, òfin gba àwọn ará Ozark láàyè láti máa fi ọ̀kọ̀ gún ẹja lóru bí àwọn bàbá ńlá wọn ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹja bíi sucker nìkan ni wọ́n lè gún, báàsì kò sí níbẹ̀. Iná ńlá wà ní iwájú ọkọ̀, omi mọ́ gaara, báàsì dúró jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ láìmọ ohun tí ń bọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nítòsí. Káńtì 114 ni Missouri ní, agbófinró kan tàbí méjì ni ó sì máa ń wà fún káńtì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo odò àti igbó tí ó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kan wà tí aládùúgbò lè pè láìsọ orúkọ rẹ̀. Òfin kan tún wà tí ẹni tí ó bá ń pa ẹja lórí omi kò gbọdọ̀ gbàgbé: ẹja tí òfin bá ti sọ bí ó ṣe gbọdọ̀ gùn tó, orí rẹ̀, awọ rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ gbọdọ̀ wà lára rẹ̀ títí tí yóò fi kúrò lójú odò, kí agbófinró tí ó bá yọ lójijì lè fi òṣùwọ̀n lé e, kí ó sì wò bóyá ihò ọ̀kọ̀ wà lára rẹ̀.